Ewúrẹ́ tó yẹ kó sanwó iléèwé, kátà ló ń gbé e lọ

Ẹ má fojú tín-ínrín wo ewúrẹ́ o! Ní Sẹ́kọ́nà, lójú ọ̀nà Ẹdẹ sí Gbọ̀ngán, báńkì ló jẹ́ fún ẹlòmíràn. Abo á lóyún oṣù márùn-ún, á bí méjì, olówó ẹ̀ á ti máa ṣírò owó iléèwé ọmọ. Àfi kí kátà dé! Ikun á máa dà nímú ẹran, ojú á pọnpin, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ á tún máa gbẹ́lẹ̀ sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mí-ìn á sáré tà á kó tó kú, ẹni tó rà á á sì gbé àrùn lọ sílé.

Èyí tó dùn mí jù rèé: kòkòrò tí wọ́n rí lára ewúrẹ́ Nàìjíríà níbí lọ́dún 1975 ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un, á sì ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń ṣe é ní Vom, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà títí dé Sẹ́kọ́nà. Iná ọba dà? Ìgò kan sì ń tó ọ̀pọ̀ ẹran, ta ló fẹ́ rà á nítorí ewúrẹ́ mẹ́rin? Ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́, kẹ́ ẹ jọ dáwó pe dókítà ẹran.