Olùkọ́ Tó Ń Kọ́ni Bí A Ṣe Ń Ṣubú

Bí a bá ń ki ọmọ Ọlọ́fà, a kì í yọ ìjàkadì sílẹ̀. Jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló mọ òfin rẹ̀: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn. Èrò á hó yèè, wọ́n á gbé akin sí èjìká, ẹni tó ṣubú á gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, á sì bá ẹ̀gbẹ́ kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìjàkadì yẹn dání dé ilẹ̀ Jàpáánì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ júdò. Ṣíṣubú tó jẹ́ òpin ìjà lọ́dọ̀ wa, òun ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ bí a ṣe ń dá ẹnìkejì, yóò kọ́kọ́ kọ́ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe ṣubú láìfarapa. Yóò tẹ orí síwájú kó má baà gbá ilẹ̀, yóò fi apá lu ẹní bí ara ṣe ń balẹ̀, yóò dìde, yóò tún ṣubú. Ukemi ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó dìmú, wọ́n á tẹríba fún ara wọn. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á tún tẹríba. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ láti kékeré kò ní ṣàjèjì sí èyí.

Kano Jigoro ló dá júdò sílẹ̀. Ọdún 1860 ni wọ́n bí i ní Mikage, lágbègbè Kobe. Kò ga, kò síngbọnlẹ̀, àwọn tó jù ú lọ nílé ìwé sì máa ń fìyà jẹ ẹ́. Ìyẹn ló gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó mọ jujutsu, ìjà ọwọ́ tí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Ní 1882, ọdún kan lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì, ó rí àyè nínú tẹ́ńpìlì Eishoji ní Tokyo. Ẹní 12 ló tẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ 9 ló kó jọ, ó sì pe ibẹ̀ ní Kodokan.

Lọ́dún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Gakushuin, ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́lá. Ní 1893, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ní Tokyo. Ó ti fẹ́ Sumako ní 1891, ọmọ 9 ni wọ́n sì bí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mẹ́ta ni Kano ń lé: iṣẹ́ ilé ìwé, ẹní júdò, àti ilé. Kí ló dé tí kò pòfo?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú júdò fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó lágbára bá ń tì ọ́, má tì í padà. Gbà á láyè, fà á síbi tó ti ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀. Lo agbára níbi tó ti máa wúlò jù: Kano sọ èyí di ìlànà, ó pè é ní seiryoku zenyo. Ìkejì ni jita kyoei, pé kí èmi àti ẹnìkejì mi jọ ṣe rere. Ohun kan náà ló fi ń kọ́ ọmọ ìlú nílé ìwé àti lórí ẹní, nítorí náà eku méjì nínú wọn di ẹyọ kan. Ó tún mọ̀ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Láti 1893 ló ti ń kọ́ obìnrin ní júdò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Noriko, ló padà wá ṣolórí ẹ̀ka àwọn obìnrin. Risei, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, di ààrẹ Kodokan ní 1946.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbàgbé Sumako. Ọkùnrin tó bí ọmọ 9, tó sì ń wọ ọkọ̀ òkun léraléra, kò lè ṣe é láìsí aya tó dúró ti ilé. Kano wọ Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé ní 1909, òun sì ni ọmọ Éṣíà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Orí omi náà ló kú sí, nínú ọkọ̀ Hikawa Maru, ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1938, nígbà tó ń bọ̀ láti ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ní Káírò. Ní 1964, júdò wọ Òlíńpíìkì, ní Tokyo gan-an.

Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní júdò tàbí kàráté. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ rẹ wà, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì bá wa kí àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ọmọ bá sì délé, má bi í pé ẹni mélòó ló dá. Bi í bóyá ó ti mọ bí a ṣe ń ṣubú, tí a sì ń dìde.