Tí ọ̀gá Ṣáínà bá da tíì fún yín ní Ìgbẹsà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń báwọn ará Ṣáínà dòwò ní Ogun-Guangdong Free Trade Zone n'Ígbẹsà, ẹ má fi tíì wọn ṣeré o. Gongfu cha lórúkọ ẹ̀, ìlú Chaozhou ní Guangdong ló sì ti gbajúmọ̀ jù.

Kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà. Ìkòkò tíì kékeré ni, ife ẹ̀ ò sì ju kí èèyàn mu ún lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta lọ. Wọ́n sábà máa ń da omi àkọ́kọ́ nù, òun ni wọ́n fi ń ṣan ewé àti ife. Ewé kan náà ni wọ́n á tún máa rọ omi gbígbóná sí léraléra.

Nígbà témi náà jókòó tì í, bí ife mi ṣe ń ṣófo ni wọ́n ń rọ òmíì sí i. Tó bá ti tó yín, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ife. Tí wọ́n bá ń dà á fún yín, ẹ fi ìka méjì kan tábìlì jẹ́jẹ́, "ẹ ṣeun" nìyẹn.

Ẹ má sì tíì dárúkọ owó. Ṣebí nílé tiwa náà, àlejò á kọ́kọ́ mumi ká tó bi í léèrè ohun tó bá wá.