NỌ́MBÀ KAN FÚN ẸNÌ KAN: ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ ÀTI BÍ A ṢE LÈ DÁÀBÒ BÒ Ó

Ọ̀rọ̀ NIN ni mo fẹ́ là yé wa.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀ nípa ẹnì kan náà. Orúkọ tó wà ní báǹkì lè yàtọ̀ sí ti ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Irú èyí ló ń fún ayédèrú láyè. Òfin ọdún 2007 ló dá àjọ NIMC sílẹ̀, láti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà kan ṣoṣo, tó jẹ́ oókan 11. Ní 2014, CBN gbé BVN jáde fún àwọn oníbàárà báǹkì. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so NIN mọ́ síìmù. Láti 2021 ni JAMB náà ti ń béèrè rẹ̀.

Ìdánimọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rí

NIN ń sọ ẹni tí a jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, nítorí náà a gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé àwa gan-an ni. Oríṣi ẹ̀rí mẹ́ta ló wà: ohun tí a mọ̀, bíi PIN, ohun tó wà lọ́wọ́ wa, bíi fóònù tí OTP ń wọlé sí, àti ohun tó wà lára wa, bí ìka tàbí ojú. Méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù àga tí a fi ń mọ Kugbo: kọ́kọ́rọ́ lè ṣí i, ṣùgbọ́n ọdẹ yóò tún wo ojú ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ náà wá.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe

Bí a ti so báǹkì, síìmù àti ìwé wa pọ̀ yìí, ẹni tó bá gba síìmù wa ti sún mọ́ owó wa.

1. Bí síìmù bá sọnù, tàbí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lójijì, ẹ fi tó báǹkì àti ilé iṣẹ́ síìmù létí lọ́jọ́ náà gan-an.

2. Ẹ má sọ OTP fún ẹnikẹ́ni, kódà bó bá pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báǹkì. Gbájú-ẹ̀ ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

3. Ẹ̀yin ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi NIN yín ra síìmù fún ọmọ iṣẹ́. Bó bá fi hùwà ọ̀daràn, orúkọ yín ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ rí.

4. Ẹ má pín ẹ̀dà ìwé NIN káàkiri. Òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sétí àwọn àgbà tí kò mọ̀ ọ́n kà nílé. Owó tí a fi òógùn kó jọ kò ní di ti olè. Àmín.