Àwòrán Sátẹ́láìtì àti Ọgbẹ́ Oko Kòkó ní Agbègbè Aṣéjìrẹ́

Ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, bí ó bá ti ré odò Ọ̀ṣun kọjá ní Aṣéjìrẹ́, ilẹ̀ kòkó Ìkirè àti Àpòmù ni ó wọ̀ yẹn. Ọ̀tá méjì ni ó máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀: kòkòrò àti iná ìgbà ọyẹ́. Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sahlbergella singularis. Ó máa ń fa omi ara ọ̀mùnú ẹ̀ka àti èso kòkó mu títí ẹ̀ka yóò fi gbẹ, tí ewé yóò sì rẹ̀. Ibi tí ewé bá ti rẹ̀, oòrùn yóò ráyè wọlé, koríko yóò hù. Koríko yìí ni ó ń gbẹ nígbà ọyẹ́ tí iná fi ń rí jẹ.

Sátẹ́láìtì lè rí ọgbẹ́ yìí láti òkè. (Ọ̀rọ̀ àyálò yìí, tí rédíò ti sọ di ti gbogbo ènìyàn, sàn ju orúkọ tuntun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbọ́ níbòmíràn.) Ewé tí ara rẹ̀ dá máa ń dá ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kò lè rí padà sókè lọ́pọ̀lọpọ̀, ewé tí ń gbẹ kì í dá a padà tó bẹ́ẹ̀. Ní Kánádà, níbi tí kòkòrò àti iná ti jọ ń ba igbó jẹ́, ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ṣírò igi tí kòkòrò pa.

Ṣùgbọ́n igbó Kánádà máa ń ní irú igi kan náà lọ rẹrẹ. Oko Ìkirè kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan nínú àwòrán Landsat jẹ́ mítà 30 níbùú lóròó; ti NigeriaSat-1, tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní 2003, jẹ́ 32. Bí a bá gbin kòkó ní mítà 3 síra, nǹkan bí 100 igi ni yóò wà nínú ẹyọ kan. Bí 10 bá kú nínú wọn, àwòrán lè má fi hàn. Sentinel-2, tí ó gòkè ní 2015, mú un wá sí mítà 10, síbẹ̀ igi ìbòòji ṣì ń bo kòkó mọ́lẹ̀.

Ti àkókò ni ó le jù. Ìgbà tí kòkòrò náà ń pọ̀ sí i, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ, ni ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run. Nígbà tí ìkùukùu bá fi kúrò, ọyẹ́ ti dé, kòkó ti ń wọ́wé fúnra rẹ̀, iná sì lè ti kọjá. Àwòrán yóò fi ibi gbígbẹ hàn. Kò ní sọ ohun tí ó gbẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àwòrán oṣù kan náà wéra láti ọdún dé ọdún, kí a tó rán ènìyàn lọ sí ibi tí ó bá yàtọ̀, kí ó lọ wo àpá dúdú lára ẹ̀ka. Àgbẹ̀ tí ó ni oko ni kí a kọ́kọ́ bi, nítorí òun ni ó mọ àpá náà jù. Ìwọ̀nba ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ni ó ṣe iyebíye: bí a bá rí ọgbẹ́ náà nígbà yẹn, àyè ṣì wà láti ro koríko abẹ́ rẹ̀ àti láti la ọ̀nà tí iná kò ní lè kọjá yí oko ká.