Afárá Oko, Kánsù àti Lẹ́tà Tó Ní Òǹtẹ̀

Nígbà tí a yẹ ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wò fún oṣù mẹ́ta tó kọjá, a rí i pé àwọn 11 ni kò san tó iye tó yẹ kí wọ́n san. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ń dáko ní òdìkejì odò. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ san. Afárá kékeré tó wà lójú ọ̀nà oko ti wó láti ìgbà òjò èṣí, ọkọ̀ ẹrù kò sì lè kọjá níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbágùúdá tàbí gàrí jáde yóò kọ́kọ́ sanwó fún aláàárù tí yóò ru ú la omi kọjá, kó tó tún wá san owó ọkọ̀. Àwọn alájàpá náà sì gbọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà létí odò tí òjò sì ti ṣú, iye tí wọ́n bá pè ni yóò gbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ afárá yìí ti di ọ̀rọ̀ àpò ẹgbẹ́, kì í ṣe ti àwọn tó ní oko lọ́hùn-ún nìkan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ ní ìpàdé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ni pé, “A ti sọ fún wọn o!” Níbo la ti sọ? Ẹnìkan ní òun sọ fún kánsẹ́lọ̀ níbi ìsìnkú. Ẹlòmíràn ní òun bá honọ́rébù sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, honọ́rébù sì ní “a máa wò ó.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tó jókòó sídìí ìlù, tí ogún ènìyàn ti yọ sí létí kí ó tó jẹun tán, kò lè rántí afárá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ó bá tilẹ̀ rántí, ọjọ́ tí sáà rẹ̀ bá parí, ọ̀rọ̀ náà bá a lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wọ inú fáìlì kánsù kì í bá alága lọ sílé. Ẹni tó bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bá a níbẹ̀.

Kí a tó kọ lẹ́tà, a ní láti mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sí apá ìkẹyìn rẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà, pàǹtírí kíkó, itẹ́ òkú, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, àti àwọn ọ̀nà kéékèèké tó wà lábẹ́ wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, 33 sì ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ lọ sí Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni, kò sí alága kánsù kan tó lè dá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó ti ìlú kan lọ sí èkejì, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko bíi tiwa yìí, ọwọ́ kánsù ló wà. Bí a bá gbé e lọ bá sẹ́nétọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, a kàn ń fi ẹsẹ̀ wa ṣòfò ni. (Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tí àwọn kan tún gbé dìde, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná. Láti ọdún 2013 ni pípín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, ibòmíràn la ó gbé ìyẹn gbà.)

Àwọn tí a dìbò yàn náà, oríṣiríṣi ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kò sì pa pọ̀. Kánsẹ́lọ̀ ló ń ṣojú wọ́ọ̀dù, òun ló sún mọ́ wa jù. Alága ni olórí kánsù. Ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ ní ènìyàn 32. Lókè lọ́hùn-ún ní Àbújá, àwọn aṣojú-ṣòfin jẹ́ 360, 14 nínú wọn ló ti ìpínlẹ̀ wa lọ. Sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109, mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹyọ kan fún Àbújá. Aṣòfin kò ní katapílà nínú ọgbà rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣòfin, láti fọwọ́ sí ìsúná, kí ó sì bi àwọn tó ń ná owó léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ wa dìde nílé ìgbìmọ̀, ó lè bá wa kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba. Nígbà míràn ẹ máa ń rí kànga ẹ̀rọ tí wọ́n kọ orúkọ aṣòfin sí lára gàdàgbà, bíi pé àpò rẹ̀ ni owó ti jáde. Inú ìsúná ìjọba ni owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ló sì ń gbé e fún kọngílá. A lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rántí wa, àmọ́ a kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé lẹ́tà kò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta. Láàárín ọdún 1946 sí 1948, nígbà tí owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin pọ̀ kọjá agbára wọn, ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ààfin àti sí àwọn aláṣẹ òyìnbó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. A mọ̀ wọ́n mọ ìwọ́de àti orin, òótọ́ sì ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló jókòó sí iwájú ààfin. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé wọ́n tún gba akáúńtáǹtì láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà wò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kùn pé yíyẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún ń gba àkókò, ẹ wo ohun tí àwọn ọlọ́jà fi ṣe. Ọdún 1948 ni wọ́n dá owó-orí àwọn obìnrin dúró, nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn àgbà tó rántí Àgbẹ́kọ̀yà náà, ní ọdún 1968 sí 1969, mọ̀ pé owó-orí nìkan kọ́ ló bí àwọn àgbẹ̀ nínú. Àtúnṣe ọ̀nà tó lọ sí abúlé wà lára ohun tí wọ́n bèèrè. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, a kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà oko ti di ọ̀rọ̀ ńlá ṣáájú kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa.

Ó wá ku lẹ́tà tiwa. Ìgbìmọ̀ ti jókòó lé e lórí, ohun tí a sì fẹnu kò lé lórí nìyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kí a kúkú fi ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ṣáláńgá ọjà àti tiransífọ́mà kún un nígbà tí a ti ń lo bébà. Rárá o. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin bá wà nínú lẹ́tà kan, ọ́fíìsì mẹ́rin ni yóò máa yí kiri, oníkálùkù yóò sì máa retí pé ẹnìkejì òun ni yóò dáhùn.

Alága ni a ó kọ ọ́ sí. Ẹ̀dà kan yóò lọ sọ́dọ̀ kánsẹ́lọ̀ wa, ọ̀kan sọ́dọ̀ olórí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, ọ̀kan sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀nà. Olórí òṣìṣẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ, nítorí òun kì í bá ìdìbò lọ. Déètì, orúkọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wa yóò wà lókè. A kò ní kọ “ọ̀nà wa ti bàjẹ́ gan-an.” Gbogbo ayé ló ń kọ ìyẹn. A ó kọ ibi tí afárá wà, abúlé tó wà níhìn-ín àti èyí tó wà lọ́hùn-ún, ìgbà tó wó, irú ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye àgbẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀, iye tí aláàárù ń gbà lórí àpò kan, àti àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń ká aṣọ sókè la omi kọjá. Ohun tí a ó bèèrè kò ní pọ̀. Kí wọ́n rán onímọ̀ ẹ̀rọ wọn wá wo ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n sì kọ̀wé sí wa lórí ohun tí ó bá rí. Alága tó bá lè sọ pé kò sówó fún afárá kò lè sọ pé kò sówó láti wá wò ó.

A ti bẹ baálẹ̀ méjèèjì àti ìyálọ́jà kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò tẹ̀ka, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìka náà. Ẹ má ṣe bá ẹni tó wà ní Èkó fọwọ́ sí i, ẹ má sì mú orúkọ òkú wá. Orúkọ èké kan tó bá yọjú, yóò ba ọgọ́rùn-ún orúkọ òdodo jẹ́. A ó ya fọ́tò, kí ẹnìkan dúró sínú ihò náà kí wọ́n lè rí bó ṣe jìn tó. A ó lè fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè dípò lẹ́tà.

Ènìyàn méjì ni yóò gbé e lọ, ní òwúrọ̀. Wọ́n á mú ẹ̀dà tiwa dání, kí ẹni tó gba lẹ́tà lu òǹtẹ̀ sí i, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó kọ déètì. Bí wọn kò bá rí òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rí wa. Ní ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ, wọ́n ti bi àwọn aṣojú wa léèrè rí pé, “Kí lẹ mú wá?” Lẹ́tà ni wọ́n mú wá. Ẹgbẹ́ kò ní àpò kankan tí a ti ń yọ owó ọbẹ̀ fún akọ̀wé kánsù.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìgbà. Oṣù kìn-ín-ní ni ọdún ìnáwó ìjọba ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá ló sì ń parí. Nínú àwọn oṣù tó kẹ́yìn ọdún ni wọ́n ń ṣètò owó ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà nínú oṣù kejì, wọ́n á ní “kò sí nínú ìsúná.” Òtítọ́ ni wọ́n sì sọ. Ìdí nìyí tí a fi ń kánjú kí tiwa dé ọ̀dọ̀ wọn kí oṣù kẹsàn-án tó tán.

Bí wọ́n bá dákẹ́ ńkọ́? A ó kọ ìrántílétí lẹ́yìn oṣù kan, a ó sì so ẹ̀dà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Òfin kan tún wà, ti ọdún 2011, tí wọ́n ń pè ní FOI, tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi ń bèèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu bèèrè, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fún un ní ẹ̀dà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé òfin náà kò kàn wọ́n, àmọ́ nínú oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn. Nítorí náà a lè bèèrè lọ́wọ́ kánsù: èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà oko lọ́dún yìí, èló lẹ ti ná, níbo lẹ ná an sí?

Wọ́n lè dáhùn pé ọwọ́ gómìnà ni owó àwọn wà. Àwáwí yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà dá a pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, kí gómìnà má dì í mú mọ́. Ìdájọ́ lọ́tọ̀, kí owó dé ọwọ́ lọ́tọ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí alága bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ká lè mú un lọ bá aṣòfin wa ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn án.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí a kúkú pe aṣòfin padà wálé. Òfin gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lẹ́kùn náà lọ tí yóò fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó tún wá dìbò. Wọ́n dán an wò ní ìwọ̀-oòrùn Kogí. Nígbà tí INEC yẹ orúkọ wò nínú oṣù kẹrin ọdún 2018, nínú olùdìbò tó lé ní 351,000, orúkọ tó dúró kò pé 19,000. Afárá la ń wá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

A ó ka lẹ́tà náà sí etígbọ̀ọ́ yín ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀ sọ ọ́. Kí gbogbo àwọn tó ní oko ní òdìkejì odò mú iye àpò tí wọ́n kó jáde láti ìgbà òjò èṣí wá, àti iye tí wọ́n san fún aláàárù. Ẹni tí kò bá rántí dáadáa, kí ó má ṣe fi kún un. Akápò yóò wà níbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án láti kọ wọ́n sílẹ̀, a sì ń wá ẹni méjì tí yóò gbé e lọ sí kánsù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀ lé e.