Ohun Tí Ìgbàgbọ́ Ń Ṣe sí Èròńgbà Ẹni

Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń ní kí àwọn èèyàn kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dún tuntun sínú ìwé. Ẹnìkan á kọ físà, ẹlòmíì á kọ ilé, ọkọ, ọmọ tàbí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ká ìwé náà, wọ́n á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ níwájú pẹpẹ, pásítọ̀ á gbàdúrà lé e lórí. Ohun tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fún wa ni ohun tó kàn láti ọjọ́ kejì lọ.

Èrò méjì ló gbòde. Àwọn kan ní onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í lépa nǹkan kan, pé ibi tí Ọlọ́run bá gbé e sí ni kó fọwọ́ lẹ́rán sí. Àwọn kan ní ohun tí a bá ti fẹnu gbà lórúkọ Jésù ti di tiwa, ká ṣáà má ṣiyèméjì. Bíbélì kò ti ọ̀kankan lẹ́yìn nínú méjèèjì. Ẹni tó nígbàgbọ́ á gbé èròńgbà rẹ̀ síwájú Ọlọ́run, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ṣiṣẹ́ lé e lórí, á sì gbà kí Ọlọ́run yí i padà bó bá wù ú.

Ẹ wo Nehemáyà. Agbọ́tí ọba Páṣíà ni, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ á dì mú pinpin. Oṣù Kísíléfì ló gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ṣì wó lulẹ̀. Ó sunkún, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà. Oṣù Nísánì ló tó bá ọba sọ ọ́, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọba wá bi í pé kí ló fẹ́, ọ̀rọ̀ kò há a lẹ́nu. Ó dá ìgbà tí òun máa padà fún ọba. Ó tọrọ lẹ́tà sí àwọn gómìnà òdìkejì odò Yúfírétì kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá. Ó tún tọrọ lẹ́tà sí Ásáfù tó ń ṣọ́ igbó ọba, kó lè fún òun ní igi fún ẹnubodè, fún odi, àti fún ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé. Ọkùnrin tó ń gbààwẹ̀ yìí ti ṣírò pákó! Nígbà tó dé Jerúsálẹ́mù, òru ló jáde lọ wo odi náà kó tó sọ̀rọ̀ fún àwọn ará ìlú. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi mọ odi náà parí. Lójú tèmi, ibi tí a ti ń ṣìnà jù nìyí: a máa ń ka ètò ṣíṣe sí àìnígbàgbọ́.

Yíyẹ èròńgbà wò náà kì í ṣe ohun tó ga jù. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lé nǹkan máa ń fi nǹkan náà hàn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ nítorí físà, tó sì lọ yá owó kó sí àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ lè dùn ún wò, ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nígbà tó ṣì ń kanlẹ̀kùn Ọlọ́run lójúde.

Bí Ọlọ́run bá sì ní rárá ńkọ́? Dáfídì fẹ́ kọ́ tẹ́ńpìlì. Wòlíì Nátánì ní kó máa lọ ṣe é. Lóru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn dé, pé ọmọ Dáfídì ló máa kọ́ ọ. (Wòlíì tòótọ́ náà máa ń yára sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn.) Síbẹ̀ Ọlọ́run ní ó dára tí èrò náà fi wà lọ́kàn Dáfídì. Dáfídì kò bínú. Ó kó wúrà, irin àti igi kédárì jọ de Sólómọ́nì ọmọ rẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tiwa náà. Pásítọ̀ Enoch Adeboye ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tí òun ń lépa tẹ́lẹ̀ ni kí òun di ọ̀gá àgbà yunifásítì tó kéré jù lọ́jọ́ orí ní Áfíríkà. Ó wọ ìjọ Ìràpadà (Redeemed) lọ́dún 1973, kò sì torí ẹ̀ pa ìwé tì: ọdún 1975 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Èkó. Ó di alábòójútó àgbà ìjọ náà lọ́dún 1981, ó sì ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin fún ìgbà díẹ̀ kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ipò ọ̀gá àgbà yunifásítì kò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìpè ló ń rọra wá bẹ́ẹ̀. Ọdún 1928 ni Àpósítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbọ́ ìpè tirẹ̀ nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, ó sì fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ṣùgbọ́n etí òun fúnra rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Bí ẹlòmíì bá sọ fún yín pé Ọlọ́run ní kí ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ẹ lè ní kó fún yín láyè kí ẹ lọ gbọ́ tiyín ná.