Ṣé Itọ́ Ẹnu Ló Ń Mú Ènìyàn Sanra?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò sí ìyálọ́mọ tí kò mọ̀ pé bí ọmọ bá fi ṣíbí mu ẹ̀kọ gbígbóná dé ìdajì, tí ó wá gbé e kalẹ̀ lọ ṣeré, ẹ̀kọ náà kì í dúró bí a ti ṣe dà á. Kí ọmọ tó padà dé, ó ti ṣàn bí omi. Àwọn àgbà a ní itọ́ ló bà á jẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Itọ́ tí ṣíbí ń kó láti ẹnu ọmọ sínú àwo ló gé ohun tó mú ẹ̀kọ ki.

Ohun tó mú un ki náà ni sitáàṣì, ọmọ ìyá èyí tí alágbàfọ̀ fi ń mú kí ọrùn ẹ̀wù gan. Ó wà nínú àgbàdo, ó wà nínú iṣu, nínú ẹ̀gẹ́, nínú ìrẹsì àti búrẹ́dì. Bí a bá tú u wò, ṣúgà ni, ṣúgà kéékèèké tí a sín pọ̀ gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn. Ohun tó wà nínú itọ́ tí ń já okùn ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ámílésì. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó ju ègé iṣu sísè kan sẹ́nu, kó máa rún un títí láì gbé e mì. Yóò rí i pé ó ń dùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fi ṣúgà sí i. Láti 1831 ni ará Jámánì kan, Erhard Friedrich Leuchs, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé itọ́ ń sọ sitáàṣì di ṣúgà, nítorí náà èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé agbára itọ́ gbogbo wa kò dọ́gba. Jíìnì ni wọ́n ń pe àṣẹ tí bàbá àti ìyá fi sílẹ̀ sínú ara ọmọ, tí ń sọ bí imú yóò ti rí, bí àwọ̀ yóò ti rí, àti ohun tí ara yóò máa pèsè. Èyí tó pọ̀ jù nínú jíìnì, méjì-méjì ni ènìyàn ń ní: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n ti ámílésì itọ́, tí wọ́n sọ lórúkọ ní AMY1, kò tẹ̀lé òfin yìí rárá. Ẹlòmíràn ní 2, ẹlòmíràn ní 6, ẹlòmíràn ní 10, àwọn kan tilẹ̀ wà tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí jíìnì yìí bá ti pọ̀ tó lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ámílésì inú itọ́ rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ tó.

Ní 2007, George Perry, Nathaniel Dominy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka jíìnì yìí lára oríṣiríṣi ènìyàn. Wọ́n mú àwọn tí ń jẹ sitáàṣì púpọ̀: àwọn ará Japan, àwọn Òyìnbó Amẹ́ríkà, àti àwọn Hadza ní Tanzania tí ń wa gbòǹgbò jẹ nínú igbó. Wọ́n tún mú àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́: àwọn Datog tí ń da màlúù ní Tanzania kan náà, àwọn Biaka àti Mbuti nínú igbó àárín gbùngbùn Áfíríkà, àti àwọn Yakut ní ilẹ̀ òtútù Siberia. Nínú àwọn ti ìṣáájú, bí ènìyàn 7 nínú 10 ló ní 6 jíìnì náà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ti ẹ̀yìn, kò tó 4 nínú 10. Ẹ wo Hadza àti Datog ná, orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n wà. Ó wá jọ pé ohun tí àwọn baba ńlá ń jẹ ló fọwọ́ sí itọ́ àwọn ọmọ.

Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn nínú irú ìwádìí báyìí. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 90 láti ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, fún iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní HapMap. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ àwòrán jáde ní 2006 nípa ibi tí jíìnì ti ń pọ̀ sí i tàbí dín kù lára ọmọ ènìyàn, àwọn 90 yìí wà lára 270 tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ó dáa, kí ni èyí kàn nínú ara sísan? Ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ la ń lọ.

Ní 2014, Mario Falchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ilẹ̀ Faransé kéde pé àwọn ti ka AMY1 lára bí ènìyàn 6,000, àti pé àwọn tí tiwọn kò tó 4 wà nínú ewu sísanra jù ní ìlọ́po 8 ju àwọn tí tiwọn ju 9 lọ. Ìlọ́po 8! Nínú ìwádìí nípa jíìnì àti ara sísan, a kì í sábà rí irú iye bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ náà yí padà sí bí a ti rò ó. Èmi ìbá sọ pé ẹni tí itọ́ rẹ̀ ń sọ iṣu di ṣúgà kíákíá ni yóò sanra. Wọ́n ní rárá, ẹni tí itọ́ rẹ̀ kò lágbára ni.

Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, Abigail Mandel àti Paul Breslin fún àwọn ènìyàn díẹ̀ ní sitáàṣì mu, wọ́n sì ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ti àwọn tí ámílésì wọn pọ̀ kò fò sókè tó ti àwọn tí tiwọn kéré. Nígbà tó jẹ́ ṣúgà gan-an ni wọ́n fún wọn mu, ìyàtọ̀ yẹn kò sí mọ́. Èrò wọn ni pé bí ẹnu bá ti tọ́ ṣúgà wò lára iṣu, ó ń ránṣẹ́ sí ara pé àlejò ń bọ̀, kí ara tètè tú ínsúlínì sílẹ̀ láti gbà á. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò, kò sì sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni sanra tàbí rù.

Kò pé ọdún méjì tí ilé fi da. Ní 2015, Christina Usher, Steven McCarroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tún un kà lára Òyìnbó tó lé ní 3,000, pẹ̀lú ọ̀nà ìkàyè tó mọ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn kò rí ìsopọ̀ kankan láàárín AMY1 àti ara sísan. Kì í ṣe pé ó kéré o, wọn kò rí i rárá.

Níbo ni ìyàtọ̀ ti wá? Ó wà nínú ìkàyè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye iṣu inú àpò lè gbé àpò sórí ìwọ̀n, kó sì fojú dá a pé ó tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Bí iṣu bá jẹ́ méjì péré, kò ní ṣìnà. Bí ó bá ti ń pọ̀, àṣìṣe dé. Bí ọ̀nà ìkàyè àtijọ́ ti rí nìyẹn. Àwọn ti 2015 tú àpò, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n sì rí dùn mọ́ mi gan-an: iye tó pọ̀ jù lára ènìyàn jẹ́ èyí tó ṣeé pín sí méjì, 4, 6, 8. Ìdí ni pé ohun tí òbí kọ̀ọ̀kan sábà ń fún ọmọ jẹ́ 1, tàbí 3, tàbí 5. Ẹ ro èyíkéyìí méjì pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí i. Ìkàyè tó bá wá ń sọ pé ẹni báyìí púpọ̀ ní 5 tàbí 7, ó ti ṣìnà.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ pé jíìnì kò lọ́wọ́ nínú ara sísan. Ó lọ́wọ́. Ní 2007 kan náà ni wọ́n rí òmíràn tí ń jẹ́ FTO. Lára àwọn Òyìnbó tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹni tó gba irú èyí tí kò dára láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá fi bíi kílò 3 wúwo ju ẹni tí kò gbà á rárá. Kílò 3 o, kì í ṣe 30. Ìwádìí tó kó ènìyàn tó ju 200,000 lọ jọ ní 2011 sì fi hàn pé agbára jíìnì yìí dín kù lára àwọn tí kì í jókòó gẹlẹtẹ lójoojúmọ́.

Ohun tó kan àwa gan-an wà ní Ìgbò-Ọrà àti ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 wo bí ènìyàn 10,000, gbogbo wọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tàbí àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ibẹ̀. Wọ́n wo Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, wọ́n wo Jamaica, Saint Lucia àti Barbados, wọ́n sì wo ìlú Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú 100 àgbàlagbà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn, 33 ní Maywood. Ara sísan náà gun àkàsọ̀ kan náà: ó kéré jù nílé, ó pọ̀ jù l'Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ Òyìnbó ti dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún díẹ̀ kò tó láti sọ itọ́ odindi ènìyàn di òmíràn. Oúnjẹ, mọ́tò àti àga ìjókòó ló yàtọ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé òkèlè tí a kì í rún ńkọ́? Tòótọ́ ni pé èbà àti iyán kì í pẹ́ lẹ́nu, itọ́ kò sì ráyè fún wọn tó bó ti ń ráyè fún iṣu sísè. Kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn àpòlúkù ni ẹ̀yà ara kan wà tí wọ́n ń pè ní páńkíríásì, tí ń tú ámílésì tirẹ̀ sínú ìfun, òun ló sì ń parí iṣẹ́ tí ẹnu kò ṣe. Òkèlè tí a gbé mì di ṣúgà náà ni. Bó ti tóbi tó ni kí á wò.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò kékeré wá pé kí ẹ tutọ́ sí i, kí òun bá yín ka AMY1, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ ó sanra, owó tí ẹ fi ń pamọ́ sínú ẹgbẹ́ yìí kò yẹ kó bá a lọ. Tẹ́ẹ̀pù télọ̀ yóò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wọn ara yín ní agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí ẹ bá mí síta, láì fa ikùn wọlé (a mọ yín o!). Fún ọkùnrin, ewu bẹ̀rẹ̀ bó bá ti kọjá sẹ̀ntímítà 94, èyí tí í ṣe ínṣì 37. Fún obìnrin, sẹ̀ntímítà 80 ni, ínṣì 31 àbọ̀. Bó bá kọjá 102 fún ọkùnrin tàbí 88 fún obìnrin, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín láìpẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ ṣe ti ṣúgà, ẹ jí lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ má tíì jẹ nǹkan kan, omi nìkan ni kí ẹ mu.